Bí Agbófinró Bá Ṣèèṣì Pa Ènìyàn Yín: Ohun Tí Ẹbí Máa Ṣe ní Àkúrẹ́ àti Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022 tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì pa ó kéré tán èèyàn 40, ẹsẹ̀ ṣọ́jà, ọlọ́pàá, DSS (ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́), sífú dìfẹ́ǹsì, Àmọ̀tẹ́kùn àti ọdẹ kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò nínú igbó wa mọ́. Igbó yìí kan náà ni àgbẹ̀ ń sùn mọ́ nítorí kòkó. Ibẹ̀ ni agégedú ń gbé ẹ̀rọ wọ̀, ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ń gbà já sí abúlé. Bí wọ́n bá ń lé ajínigbé tàbí agbésùnmọ̀mí, tí ìbọn wá ba ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé jáde ni pé "afurasí" kan bá ìjà náà lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fa wàhálà fún ẹbí, torí bó bá ti wọ ìwé ọlọ́pàá, kò rọrùn láti pa rẹ́.

Iṣẹ́ ẹbí láàárín ọjọ́ méje àkọ́kọ́ ni kí àkọsílẹ̀ tiwọn náà wà: kó wà kí wọ́n tó sin òkú, kó sì wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé owó wá.

Ẹ wo bí ó ṣe rí níbòmíràn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, DSS àti ṣọ́jà yìnbọn lu àwọn tó ń sùn nínú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí ní Apo, l'Ábújá. Èèyàn mẹ́jọ kú, 11 fara gbọgbẹ́. Wọ́n ní Boko Haram ni wọ́n. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, NHRC, pe gbogbo wọn jọ, ó gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn tó là á já àti àwọn ẹbí, nígbà tó sì di ọdún 2014 ó ní ẹ̀sùn yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: kí ìjọba san mílíọ̀nù 10 náírà fún ẹbí òkú kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó fara gbọgbẹ́ gba mílíọ̀nù 5. Ní London, ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2005, ọlọ́pàá yìnbọn pa Jean Charles de Menezes, ọmọ Brazil kan tó ń ṣiṣẹ́ iná, torí wọ́n rò pé ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó gbìyànjú láti yin bọ́ǹbù. Ìròyìn àkọ́kọ́ ní ó wọ aṣọ tó nípọn, ó sì fo ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kámẹ́rà ibùdó náà ló fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Kabul, ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2021, dúróònù Amẹ́ríkà pa èèyàn mẹ́wàá, méje nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n tó gbà pé àṣìṣe ni, lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn ti to fídíò jọ, tí wọ́n fi hàn pé ike omi ni ọkùnrin tí wọ́n ń ṣọ́ ń kó sínú ọkọ̀. Ohun kan náà ló tú àṣírí lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ẹ̀rí tí kò ti ọwọ́ ẹni tó yìnbọn wá.

Bó bá ṣì ń mí

Ẹ má dúró de ọlọ́pàá. Òfin ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà, tó jáde ní 2017, sọ pé ilé ìwòsàn yòówù, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gbà á kó sì tọ́jú rẹ̀, yálà ẹ mú ìwé ọlọ́pàá dání tàbí ẹ ò mú un, yálà ẹ ní owó tí ẹ máa kọ́kọ́ san tàbí ẹ ò ní. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa fi tó tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tó súnmọ́ wọn létí láàárín wákàtí méjì. Bí wọ́n bá ń bèèrè ìwé ọlọ́pàá lẹ́nu géètì, ẹ dárúkọ òfin yìí, kí ẹ ní kí wọ́n pe dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì kọ àkókò tí ẹ débẹ̀ sílẹ̀. Ní apá Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, UNIMEDTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, ni kí ẹ gbé e lọ. Ní apá Ọ̀wọ̀, FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ilé ìwòsàn kékeré lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ẹ tó débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju aṣọ tí wọ́n bá gé kúrò lára rẹ̀ nù.

Òkú àti mọ́ṣúárì

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bàjẹ́, nítorí náà a máa pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Bí àwọn agbófinró bá ti gbé òkú lọ, kí èèyàn méjì láti inú ẹbí lọ wá a, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó lè kọ̀wé dáadáa. Kí wọ́n mú fọ́tò olóògbé àti káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Ní mọ́ṣúárì, ẹ bẹ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kó ṣí ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ òkú sí. Ohun mẹ́rin ni ẹ ń wá nínú rẹ̀: ọjọ́ àti àkókò tí wọ́n gbé e dé, orúkọ àti ipò ẹni tó gbé e wá, tẹ́ṣàn tàbí bárékè tó ti wá, àti ohun tí wọ́n kọ síbi orúkọ. Bí wọ́n bá kọ "ọkùnrin tí a ò mọ̀" tàbí "afurasí ajínigbé" síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé náà. Bí wọn kò bá jẹ́ kí ẹ yà á, ẹ dà á kọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Ẹ má bá òṣìṣẹ́ mọ́ṣúárì jà o. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló kàn kọ, ẹ sì ṣì máa nílò rẹ̀.

Ohun kejì ni oògùn tí wọ́n ń fún òkú kó má bà á jẹ́. Nítorí iná mànàmáná tí kò dúró, ọ̀pọ̀ mọ́ṣúárì ló ń fún òkú lóògùn lọ́jọ́ tó bá dé. Oògùn náà kò lè dí ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ń yí àwọ̀ ẹran ara padà, ó sì ń ba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀gá ilé ìwòsàn, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí dókítà tó ń yẹ òkú wò: "A bẹ̀ yín, ẹ má fún òkú yìí lóògùn títí àyẹ̀wò yóò fi parí, inú yàrá tútù ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, a ó san owó rẹ̀." Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Bí kò bá sí yàrá tútù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí àyẹ̀wò kò sì ní ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó sàn kí ẹ ya gbogbo fọ́tò tán, kí wọ́n tó fún un lóògùn, ju kí òkú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lọ.

Fọ́tò yíyà lọ́nà tó yẹ rèé. Ẹ kọ́kọ́ ya gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ ya ojú. Ẹ wá sún mọ́ ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: fọ́tò kan láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kí a lè mọ ibi tó wà lára, òmíràn nítòsí pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí rúlà, báírò lè ṣe é, ṣùgbọ́n báírò kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ yà á kí wọ́n tó nu ẹ̀jẹ̀, ẹ tún yà á lẹ́yìn tí wọ́n bá nù ún. Ẹ má kọ "ibi tí ọta gbà wọlé" tàbí "ibi tó gbà jáde" sábẹ́ fọ́tò kankan. Òótọ́ ni pé ojú ọgbẹ́ tí ọta gbà wọlé sábà máa ń kéré, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bí ẹ bá sì kọ ohun tó yàtọ̀ sí ti dókítà, lọ́yà ìjọba yóò fi dà yín láàmú ní kóòtù.

Àyẹ̀wò òkú gan-an, dókítà tó gba ìmọ̀ nípa òkú yíyẹ̀ wò ló ń ṣe é. Ọlọ́pàá tàbí májísíréètì tó jókòó gẹ́gẹ́ bíi kórónà (ẹni tó ń wádìí ohun tó pa èèyàn) ló sábà máa ń béèrè fún un; bí wọn kò bá béèrè, kí lọ́yà yín kọ̀wé béèrè. Ẹbí lè ní kí dókítà tiwọn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn ní pàtó: kí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ X-ray ya gbogbo ara kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, torí ọta lè wọ ibi èjìká kó lọ há sí ìbàdí, kí wọ́n ya fọ́tò ọta yòówù tí wọ́n bá yọ, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kí ẹni tó gbà á sì buwọ́ lùwé, kí wọ́n kọ ìhà tí ọta gbà wọlé àti ibi tó dorí kọ. Ẹ̀yìn ni ọta gbà wọlé tàbí àyà? Ìdáhùn yẹn nìkan ti ba ọ̀rọ̀ "ó kọjú ìjà sí wa" jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Ìlànà kan wà tí àjọ àgbáyé UN ṣe fún irú àyẹ̀wò yìí, Minnesota Protocol ni wọ́n ń pè é, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2016. Kí lọ́yà dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Dókítà tó mọṣẹ́ yóò mọ ohun tí ẹ ń sọ.

Fún ẹbí Mùsùlùmí tó fẹ́ sin òkú lọ́jọ́ náà, kò pọn dandan kí ẹ pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹ pe dókítà kan kó yẹ ara wò láti ìta, kí ẹ ya fọ́tò bí a ṣe sọ ọ́, kí dókítà kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú, kí Lèmọ́mù tó wẹ òkú àti ẹni tó ràn án lọ́wọ́ kọ ibi tí wọ́n ti rí ọgbẹ́. Wákàtí méjì sí mẹ́ta tó fún gbogbo èyí. Kóòtù ṣì lè pàṣẹ kí wọ́n hú òkú jáde lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìnira rẹ̀ pọ̀ ju wákàtí mẹ́ta lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ wo ìwé tó sọ ohun tó pa á. Bí wọ́n bá kọ "BID" nìkan, ìyẹn ni pé òkú ni wọ́n gbé dé. Kì í ṣe ohun tó pa èèyàn. Ẹ dá a padà, kí wọ́n kọ ọgbẹ́ ọta ìbọn àti ibi tó wà lára. Ìwé yìí ni ẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, fún ìwé ẹ̀rí ikú, bí ibẹ̀ bá sì ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa wọ́ lọ.

Aṣọ, ọta àti fídíò

Ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá. Bí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ bá wà nínú ọ̀rá, yóò bu, ohun tó wà lára rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Ẹ sá a síbi òjìji tí atẹ́gùn wà títí yóò fi gbẹ, kí ẹ wá dì í sínú àpò bébà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ṣòkòtò lọ́tọ̀, ẹ̀wù lọ́tọ̀, fìlà lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dì í sẹ́yìn àpò náà. Ìdí ni pé etu ìbọn máa ń fi dúdú sílẹ̀ yí ihò ká bí wọ́n bá yìnbọn láti ibi tó súnmọ́ gan-an. Bí olóògbé bá kú nítòsí ẹnu ìbọn, ọ̀rọ̀ "ìbọn àṣìta" kò lè dúró mọ́.

Ẹ má lọ síbi tó ti ṣẹlẹ̀ títí àwọn agbófinró yóò fi kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú Ọlọ́jà tàbí Baálẹ̀ abúlé dání, kí ẹ lọ lójúmọmọ. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kí ẹ fi igi ńlá, ahéré tàbí afárá hàn nínú rẹ̀. Ìkarahun ọta tó ti ṣófo: ẹ yà á níbi tó wà pẹ̀lú báírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Bí ó bá dá yín lójú pé òjò tàbí ẹsẹ̀ èèyàn yóò gbé e lọ, kí ẹnì kan ṣoṣo fi bébà mú un lójú ẹlẹ́rìí méjì, kó sì fà á lé lọ́yà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ọta tí wọn kò tíì yìn ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Bí wọ́n bá bá a nílé yín, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn.

Fídíò orí fóònù: fóònù tó ká a sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà fi í ránṣẹ́, yóò sún kì, àkókò tí wọ́n yà á yóò sì kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi "document", kí ẹ tún dà á sórí mẹ́mórì káàdì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ lọ́yà. Ẹ má gé e, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sórí rẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 84, ń béèrè ìwé ìjẹ́rìí lórí ohunkóhun tó bá ti inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà jáde, fóònù náà sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ni fóònù ni yóò buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ fídíò tó dára ni kóòtù ti kọ̀ torí ẹni tó yà á kò ṣeé rí mọ́. Kámẹ́rà ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀. Òmíràn kì í pé ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì, kí ẹ mú fláàṣì dání.

Fóònù olóògbé, bí ó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ pa á kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú síìmù inú rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè máa lò ó. Ẹ kọ̀.

Àwọn tó rí i

Ẹ wá wọn kí ìbẹ̀rù tó mú wọn. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn kò ti gbọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ní èdè Àkúrẹ́ tàbí Ìkálẹ̀ tàbí ti Àkókó tó fi sọ ọ́. Bí ẹlẹ́rìí mẹ́ta bá lo gbólóhùn kan náà láìyẹ̀, adájọ́ yóò mọ̀ pé ẹnì kan ló kọ́ wọn. Kí ó sọ ibi tó dúró sí, ohun tó ń ṣe, ohun tó fojú rí, àti ohun tó kàn gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn; kí ẹ ya ìgbẹ̀yìn yìí sọ́tọ̀.

Bí ẹlẹ́rìí kò bá mọ̀wé, ohun kan wà tí lọ́yà tó bá ń kánjú máa ń gbàgbé. Ní ìparí ìwé ìbúra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pé wọ́n ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, pé ó yé e, kó tó tẹ ìka rẹ̀ sí i, kí orúkọ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí ìyẹn kò bá sí, wọ́n lè fọwọ́ rọ́ gbogbo ìwé náà tì, ẹ̀rí tó wà nínú rẹ̀ yóò sì bá a lọ.

Nínú ìwé ẹ̀sùn tí gbogbo èèyàn máa rí, ẹ kọ iye ẹlẹ́rìí, ẹ má kọ orúkọ wọn. Lọ́yà ni yóò mọ orúkọ.

A ní láti sọ èyí náà: ọ̀pọ̀ ẹni tí irú ikú báyìí ń pa nínú oko wa jẹ́ lébìrà tó wá láti ọ̀nà jíjìn, Ebira, Ìgede, tàbí Fúlàní darandaran. Ẹbí wọn kì í sí nítòsí. Bí ẹni tó gbà wọ́n síṣẹ́ tàbí Baálẹ̀ abúlé kò bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n á sin wọ́n gẹ́gẹ́ bí ajínigbé. Òfin kò sọ pé ọmọ bíbí inú ẹbí nìkan ló lè pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́. Àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn tàbí ẹlòmíràn lè ṣe é fún wọn.

Ta ló yìnbọn?

Nígbà tí wọ́n bá jọ wọ igbó, gbogbo wọn máa ń tọ́ka sí ara wọn. Bí ẹ bá pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ fún ohun tí ṣọ́jà ṣe, ẹjọ́ yóò fọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́rìí nípa aṣọ àti ọkọ̀: ṣọ́jà lásán ni àbí mobáìl (ọlọ́pàá kògbérégbè), jákẹ́ẹ̀tì Àmọ̀tẹ́kùn ni àbí aṣọ ọdẹ, kí ni wọ́n kọ sára ọkọ̀, kí ni lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ béèrè èdè tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Dúróònù tàbí ọkọ̀ òfurufú? Ti ológun nìyẹn. Ní Tudun Biri, ní Kàdúná, ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2023, nígbà tí bọ́ǹbù bọ́ lu àwọn tó ń ṣe Máólúdù, tí NEMA, àjọ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ka òkú 85, àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ló jáde wá sọ pé àwọn ni. Ẹ má retí pé gbogbo ìgbà ni yóò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sábà máa ń yanjú rẹ̀ wà nínú yàrá ìbọn. Kí ọlọ́pàá tó kó ìbọn jáde, wọ́n ń kọ nọ́ńbà ìbọn, orúkọ ẹni tó gbà á àti iye ọta sínú ìwé. Bí wọ́n bá dé, wọ́n ń kọ iye tó dá padà. Àpò ọta AK-47 ń gba 30. Bí ẹnì kan bá gba 30, tó dá 22 padà, ẹ mọ ẹni tí ẹ máa bi léèrè nípa mẹ́jọ tó kù. Wọn kò ní fi ìwé yìí lé yín lọ́wọ́ báyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìwé ẹ̀sùn yín bá ti béèrè pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ sí i, wọn kò lè sọ lọ́dún kan lẹ́yìn náà pé eku jẹ ẹ́. Kóòtù yóò wá pàṣẹ kí wọ́n gbé e wá.

Ní tẹ́ṣàn

Ẹ má dá lọ. Lọ́yà ló dára jù. Bí kò bá sí, àgbàlagbà tó mọ̀wé. Wọ́n lè gbé ìwé kan kalẹ̀ kí wọ́n tó yọ̀ǹda òkú fún yín. Ẹ kà á tán pátá. Bí ó bá wà níbẹ̀ pé "a kò ní ẹ̀sùn kankan", tàbí pé olóògbé jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ajínigbé, ẹ má buwọ́ lù ú, bí òkú tiẹ̀ pẹ́ sí i ní mọ́ṣúárì. Ohun tí ẹ lè buwọ́ lù ni pé ẹ gba òkú, lọ́jọ́ báyìí, lọ́wọ́ ẹni báyìí. Bí ọ̀gá ibẹ̀ bá ń halẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí lọ́yà padà lọ.

Ìwé ẹ̀sùn

Ojú ìwé méjì tó. Ọjọ́, àkókò, ibi, ẹni tó kú, ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ẹni tó yìnbọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, iye ẹlẹ́rìí, ìwé tí ẹ so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ẹ ń béèrè: ìwádìí, àyẹ̀wò òkú, orúkọ ọ̀gá tó darí iṣẹ́ náà, àti kí wọ́n tọ́jú ìwé ìbọn àti ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ iye owó tí ẹ fẹ́ níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá, Kọmíṣánnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́ ni ẹ máa kọ ọ́ sí, ẹ̀dà sí àjọ tó ń ṣàkóso ọlọ́pàá l'Ábújá, PSC. Ẹ̀ka kan tún wà láàárín ọlọ́pàá fúnra wọn tó ń gba ẹ̀sùn lórí ìwà ọlọ́pàá, CRU. Bó bá jẹ́ ṣọ́jà, ọ̀gágun bírígéèdì 32 ní bárékè Ọ̀wẹnà, ẹ̀dà sí ọ̀gágun pátápátá ẹ̀ka kejì ní Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn, ọ̀gá wọn ní Àkúrẹ́, ẹ̀dà sí ọ́fíìsì gómìnà àti Kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́, torí ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. Yálà èwo ni, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ dé NHRC. Wọn kì í gba owó, ìpinnu wọn sì lè di èyí tí kóòtù ń fipá mú ṣẹ. Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò tíì kọ ọ́.

Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ lẹ́tà mìíràn lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tó fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ ọ́ lóṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà. Àwọn agbófinró yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni. Nítorí náà ẹ béèrè ohun kékeré: ṣé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, nọ́ńbà fáìlì rẹ̀, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó gbà-máà-bínú

Ó lè jẹ́ olóyè ìlú ló máa mú un wá, ó lè jẹ́ olóṣèlú. Ẹbí tó ní òkú nílẹ̀ nílò owó, a ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má gbà á. Ìwé tó bá owó náà wá ni kí ẹ fojú sí. Bí ó bá wà níbẹ̀ pé owó yìí parí ọ̀rọ̀ pátápátá, ẹ kọ̀ ọ́. Ìwé tiyín ni kí ẹ gbé kalẹ̀: "A gba iye báyìí gẹ́gẹ́ bí ìrànlọ́wọ́ fún ìsìnkú. Kò mú ẹ̀tọ́ wa kúrò láti béèrè ìwádìí tàbí láti lọ sí kóòtù." Kí ẹni tó mú un wá buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, ẹ ti mọ ohun tí owó náà wà fún.

Ṣáájú èyí, kí ẹbí ṣe ìpàdé kan, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni aṣojú, orúkọ ìyàwó tàbí àwọn ìyàwó, orúkọ gbogbo ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, pẹ̀lú ìyá àti bàbá olóògbé bí wọ́n bá wà láyé. Kí gbogbo wọn buwọ́ lù ú. Àbúrò tó gba owó lẹ́yìn opó ti tú ẹjọ́ ká ju ìjọba lọ.

Kóòtù

Ọ̀nà méjì ló wà, àkókò wọn kò sì dọ́gba. Bí lọ́yà bá pe ẹjọ́ àìbìkítà lásán mọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún un ní oṣù mẹ́ta péré láti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kan lé e, ó ti bọ́. Ọ̀nà kejì ni ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ ìlànà ọdún 2009, lórí abala 33 ìwé òfin ilẹ̀ wa tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí. Èyí kò ní gbèdéke àkókò. Ohun tí a ń kó lọ kò pọ̀: àlàyé tó sọ ẹni tó ń pe ẹjọ́, ohun tó ń béèrè àti ìdí rẹ̀, ìwé ìbúra, àròyé lọ́yà. Ìlànà náà ní kí kóòtù yan ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ méje. Ẹni tó bá mọ kóòtù wa mọ̀ pé ìyẹn wà nínú ìwé. Ìmọ̀ràn tiwa ni kí ẹ gba ọ̀nà kejì, kí ẹ sì gbé e lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé bó bá ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà rí àyè jiyàn lórí ọjọ́.

Abala 33 fàyè gba agbófinró láti lo ipá tó pọn dandan, láti gba ẹlòmíràn là lọ́wọ́ ìkọlù, láti mú ẹni tí òfin ní kí wọ́n mú, tàbí láti pa ọ̀tẹ̀ rẹ́. "A ṣèèṣì ni" kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi hàn pé ọta wọn ló pa á, àwọn ló kù kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tó fi pọn dandan kí wọ́n yìn ín lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ tó kan ọlọ́pàá, ṣọ́jà tàbí DSS ń lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. Ti Àmọ̀tẹ́kùn ń lọ sí ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, kí ẹ sì fi Kọmíṣánnà ètò ìdájọ́ kún un. Bí owó tó ń wọlé fún yín kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè lọ, tó jẹ́ 70,000 náírà láti 2024, Legal Aid Council lè fún yín ní lọ́yà ọ̀fẹ́. Ẹ tún lè gba ilé ẹjọ́ ECOWAS l'Ábújá lọ láìkọ́kọ́ lọ sí kóòtù kankan nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìkan ni ẹ lè pè níbẹ̀, ẹni tó pe ẹjọ́ kò sì lè fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Bí ẹ bá jàre, owó kò tíì dé. Láti gbẹ́sẹ̀ lé owó ìjọba ní báńkì, abala 84 òfin àwọn aláṣẹ kóòtù ń béèrè àṣẹ Agbẹjọ́rò Àgbà, ẹni tó jẹ́ pé ìjọba tí ẹ bá ṣẹjọ́ náà ló ń ṣiṣẹ́ fún. Kí lọ́yà yín kọ̀wé béèrè àṣẹ náà lọ́sẹ̀ tí ìdájọ́ bá jáde, kó sì gba òǹtẹ̀. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ bẹ adájọ́ kó dárúkọ ẹni tí owó tọ́ sí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìdájọ́ rẹ̀, ìyàwó ní tirẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wọ àkántì tí ẹnì kan kò lè dá yọ owó nínú rẹ̀.